Rédíò Ọlọ́pàá àti Ọ̀rọ̀ Ẹnà
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹ̀ka sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ rédíò tí a fẹ́ rà fún àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ Sabon Gari di àríyànjiyàn ní ìpàdé tí ó kọjá. Àwọn kan ní kí a ra èyí tí ń sọ̀rọ̀ ní ẹnà, kí olè má baà gbọ́ wa. Àwọn kan ní kí ọdẹ àdúgbò kejì lè gbọ́ wa ni ó ṣe pàtàkì. Ìgbìmọ̀ ní kí a lọ wádìí bí àwọn ọlọ́pàá ìlú ńlá ti ń ṣe é. Ohun tí a rí nìyí.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ilé gogoro méjì ní New York. Agogo 9:59 òwúrọ̀ ni èyí tí ó wà ní gúúsù wó. Hẹlikópítà ọlọ́pàá wà lókè, wọ́n wo ilé kejì, wọ́n sì ké sórí rédíò pé kò ní pẹ́ wó. Àwọn ọlọ́pàá gbọ́. Rédíò àwọn panápaná yàtọ̀, kò sì sí ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Agogo 10:28 ni ilé kejì wó. Panápaná 343 ni ó kú lọ́jọ́ náà. A kò sọ pé rédíò nìkan ni ó fà á o. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní rédíò lọ́wọ́, ti àwọn tí ó sì ní kò gbé ohùn dáadáa nínú ilé gíga bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ìkìlọ̀ wà, ìṣẹ́jú 29 wà, kò sì dé etí ọ̀pọ̀ panápaná tí ó wà nínú ilé.

Ti ẹnà ńkọ́? Rédíò ayé òde òní a máa sọ ohùn di nọ́ńbà, a sì fi kọ́kọ́rọ́ dà á rú. Rédíò tí ó ní irú kọ́kọ́rọ́ kan náà nìkan ni ó lè tò ó padà. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ra rédíò kan náà lọ́wọ́ ẹni kan náà, bí kọ́kọ́rọ́ bá yàtọ̀, odi ni wọ́n sí ara wọn.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti TETRA. Àjọ ETSI ti Yúróòpù gbé ìlànà rédíò yìí jáde ní ọdún 1995, ọlọ́pàá ilẹ̀ púpọ̀ sì ń lò ó. Ẹnà tí wọ́n ń pè ní TEA2 wà fún ọlọ́pàá Yúróòpù. TEA1 ni wọ́n ń tà fún ará òde. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́ àṣírí nígbà náà. Ní ọdún 2023, àwọn ará Holland kan, tí ilé iṣẹ́ wọn ń jẹ́ Midnight Blue, fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ TEA1, tí a ka gígùn rẹ̀ sí 80, ni wọ́n ti gé kù sí 32 nínú. Ohun tí ó kù fún olè láti dán wò kò ju bílíọ̀nù 4 àti díẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lè parí ìyẹn kí omi ẹ̀kọ tó hó. Ẹni tí ó rà á rò pé òun ti ilẹ̀kùn!

Àwa ọlọ́jà mọ irú rẹ̀. Ẹ ó máa fi Yorùbá bi ara yín ní iye tí ẹ lè gbà gbẹ̀yìn níwájú oníbàárà Haúsá. Òun á rẹ́rìn-ín, á ní, “Bàbá, mo gbà á ní iye yẹn.” Ọmọ Sábó Ìbàdàn ni!

Àwa kò lòdì sí ẹnà. Olè ń gbọ́ rédíò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí akápò tó san kọ́bọ̀, kí alága rán ènìyàn sí olórí ọdẹ àwọn Haúsá àti ti àwọn Ìgbò, kí a mọ rédíò tí wọ́n ń lò. Kí a ya ojú ìgbì kan sọ́tọ̀ tí a kò ní fi ẹnà bò, fún iná àti ìdágìrì, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọ. Lórí ìyókù, kí a bi ẹni tí ń tà á léèrè irú ẹnà wo ni, ta ni yóò tọ́jú kọ́kọ́rọ́, ta ni yóò sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ọdẹ kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí a san ìdajì owó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. A ti sọ fún un pé kí ó ní sùúrù.