Ilé Tí Yóò Tu Ni Lára: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Tí Ń Múra Àtikọ́lé

Àwọn baba wa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ilé tí a ń kọ́ lóde òní ni ó ṣe é sinmi nínú wọn? Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá dé, ooru a lé baálé, a lé ìyàwó àti ọmọ jáde síta ní òru. Ẹni tí kò bá fẹ́ jáde, a ra ẹ̀rọ amúlétutù, a ra jẹnẹrétọ̀ tì í, a sì máa da epo sí i. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, gbogbo wa ni a mọ ohun tí èyí ń ná ni: owó ilé ìwé ọmọ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń dà sínú ẹ̀rọ.

Ohun tí a wá sọ lónìí kò ju ọ̀kan lọ. Ìtutù ilé kì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́yìn tí a bá kọ́lé tán. Ọjọ́ tí a bá ta okùn ìpìlẹ̀ ni a ti ń pinnu rẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìyá wa àgbà. A kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù fún wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ ni wọ́n ń padà lọ jókòó sí. Àwa rò pé àṣà àtijọ́ ni kò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ara wọn ni ó mọ òtítọ́. Ògiri amọ̀ ibẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ooru ọ̀sán kì í tètè là á já. Koríko bẹẹrẹ tí a fi bo òrùlé rẹ̀ nígbà náà kì í gbóná bí irin. Etí òrùlé yọ síta, ó ṣíji bo ògiri. Àgbàlá ṣí sílẹ̀ láàrin, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ náà ni omi òjò ń ṣàn sí láti orí òrùlé bọ́ sínú ìkòkò.

A kò wí pé kí á padà sí gbogbo rẹ̀. Iná a máa jó koríko, òjò a máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri, yàrá a sì máa ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n a lè wo àìsàn náà láìpa aláìsàn. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan sí Gando, abúlé rẹ̀, ní 2001. Amọ̀ tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ni ó fi ṣe bíríkì ògiri rẹ̀, ó sì gbé páànù ga kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ní 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker ti àwọn ayàwòrán ilé.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé tó pe bíríkìlà, kí ó dúró lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó wo ọ̀nà oòrùn. Kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Kí ògiri kúkúrú, tí fèrèsé kò pọ̀ lára rẹ̀, kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Kí fèrèsé dojú kọ fèrèsé, nítorí atẹ́gùn tí kò rí ọ̀nà jáde kì í wọlé. Kí páànù jẹ́ funfun, kí ihò afẹ́fẹ́ wà lókè àjà. Kí a gbin igi sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí a má sì fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ gbogbo àgbàlá. Ilé tí ó bá ti tutù fúnra rẹ̀ báyìí, fáànù àti sólà díẹ̀ ni yóò tó o.

Àwọn kan yóò wí pé ilé amọ̀ ni ilé tálákà. A bi wọ́n léèrè: ta ni tálákà, ẹni tí ń sùn nínú ìtutù láìná kọ́bọ̀, tàbí ẹni tí ń ra oorun ní lítà lítà?

Kí Olódùmarè jẹ́ kí á kọ́lé, kí á pẹ́ nínú rẹ̀, kí ara sì tù wá níbẹ̀. Àṣẹ.