KÍ NI À Ń WÁ NÍNÚ ÌWÉ?

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ lọ́jọ́ àjọ̀dún

  

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà la fẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, a ò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ wọ yunifọ́ọ̀mù. Bí a bá wọ ọjà Sábó láìmọ ohun tí a fẹ́ rà, a ó rìn títí, owó á tán lọ́wọ́ wa, ọbẹ̀ ò sì ní délé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Ẹni tó ṣí ìwé láìní ìbéèrè kankan lọ́kàn lè kà á dé ìparí kó má rí nǹkan mú dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń wá, ojú ewé kan ṣoṣo lè là á lójú.

Àwa tí à ń tajà ní àyíká Ìkòròdú Industrial Estate, àárín ìwé là ń gbé, bí a ò tiẹ̀ fura. Àwìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà dé ìparí oṣù, inú ìwé la ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí ọjà máa bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn, ìwé ló máa fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kékeré kan. Ká ní ẹnì kan fẹ́ yá wa ní 100,000 náírà, ó ní èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 5 lórí 100. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé lọ́dún ni àbí lóṣooṣù? Bó bá jẹ́ lọ́dún, èlé 5,000 náírà la máa san. Bó bá jẹ́ lóṣooṣù lórí gbogbo owó náà, 60,000 náírà ni kí ọdún tó yí po. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì, 55,000 náírà ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó mú ìbéèrè lọ bá ìwé ló máa rí i. Ẹni tó kàn fẹ́ tètè fọwọ́ sí i kí wọ́n kówó fún un ò ní rí i.

Àwọn ìyá wa ti ṣe irú èyí rí, wọ́n sì jèrè rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1944, ìyá kan tó ń tajà lọ́jà sọ pé òun fẹ́ mọ̀wé kà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó jẹ́ olùkọ́, òun àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé. Níbi ìjókòó yẹn ni àwọn olùkọ́ náà ti gbọ́ ohun tó ń dun àwọn ìyá ọjà: bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn, àti bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára. Lọ́dún 1945, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà dé inú ìwé ìròyìn Daily Service, gbígbà náà sì dáwọ́ dúró. Lọ́dún 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú lórí owó orí, wọ́n tú jáde lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dún 1947, nígbà tó sì di 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Ẹ kíyè sí i o: ohun tó ń dùn wọ́n ni wọ́n gbé wá sídìí ìwé.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pàápàá, ọmọ ìyá ni òun àti ìwé. Ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn 28, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dá owó jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844. Ìlú ilé-iṣẹ́ ni, bí ti ọ̀dọ̀ wa níbí. Nígbà tí èrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọn ò pín gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi òfin yọ náírà 2 àbọ̀ nínú 100, bí a bá fi owó tiwa ṣírò ọ, sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, wọ́n sì ní yàrá ìwé kíkà. Wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ò ti lè ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀, ọwọ́ ẹni díẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀ yín.

Èkíní, kí a tó ṣí ìwé, ká bi ara wa pé kí là ń wá. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, kó kọ́kọ́ wádìí iṣẹ́ tí ìdánwò ọmọ náà lè gbà án láyè láti kọ́, kó tó máa sanwó fọ́ọ̀mù káàkiri. Ẹni tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó wá ìwé tó sọ oúnjẹ tó yẹ kó dín kù. Ìbéèrè ìgbésí ayé wa ni ká gbé lọ bá ìwé.

Èkejì, kí a ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí a ó máa kọ ohun tí a rí sí. Ìlà méjì péré ti tó.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà má tijú. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ pe ọmọ yín kó kà á sókè, kó tún un kà, kó sọ ọ́ lédè Yorùbá. Àwa tí a lọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ayé Gómìnà Jákàńdè, láàárín 1979 sí 1983, gbèsè ẹ̀kọ́ yẹn wà lọ́rùn wa. Ẹ jẹ́ ká fi san án fún àwọn ìyá tó jókòó tì wá.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ń dábàá pé ní gbogbo ìpàdé, ká fi ogún ìṣẹ́jú ka apá kan nínú òfin ẹgbẹ́ wa sókè, ní Yorùbá, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bèèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ sí ìwé ìdúró mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti kà á fún un, tó sì ti yé e. Owó tí à ń dá jọ, òógùn wa ni. Ìwé la kọ ọ́ sí, ó sì yẹ kí oníkálukú lè mọ ohun tí ìwé náà ń sọ.

Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Ọlọ́run á la ojú inú wa, ọjà á tà, èrè á kù.