Ìdí tí ó fi yẹ kí Ọmọ Gàmbàrí kọ́ Ìtàn Ọ̀làjú Àwọn Òyìnbó

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú wa)



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Ohun tí mo yàn ni ìtàn ọ̀làjú àwọn òyìnbó, láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn títí di òní. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ìtàn tiwa gan-an, a kò tíì mọ̀ ọ́n tán." Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé a kò lè mọ ìtàn tiwa tán bí a kò bá mọ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Àwọn àgbà sọ fún wa pé Gàmbàrí ni ojúkò òwò láàrin ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò a máa kó kán-ún àti ẹṣin wá láti Òkè Ọya, wọn a sì kó obì padà. Kí ni ó dín òwò náà kù? Ní ọdún 1908 ni ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìlọrin. Nígbà tí yóò fi di 1912, ó ti dé Kano. Obì tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ wá di ẹrù ọjọ́ mélòó kan, kò sì di dandan mọ́ kí ẹni tí ó ni ín dúró ní ọjà wa.

Níbo wá ni ọkọ̀ náà ti wá? Ní ọdún 1769, James Watt, ará Scotland, gba ìwé àṣẹ fún àtúnṣe tí ó ṣe sí ẹ̀rọ tí ń lo agbára ooru omi híhó. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fa omi jáde nínú kòtò èédú ilẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ń rànwú, wọ́n fi ń hunṣọ. Ní 1825, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láàrin Stockton àti Darlington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òùngbẹ òwú wá ń gbẹ àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire. Ní 1902, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa wá òwú ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, wíwá òwú yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí irin wọ àárín ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọjà Gàmbàrí fi yí padà, àfi kí ó wá a dé inú kòtò èédú àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún wo ọdún 1897. Ní oṣù kejì ọdún náà, nígbà ayé Ẹ́mírì Sulaiman, ni ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie ṣáájú, gbógun ti Ìlọrin lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun Bida. Wọn kò pé ẹgbẹ̀rún. Àwọn ẹlẹ́ṣin wa kì í ṣe ojo, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim, tí a kọ́kọ́ ṣe ní 1884, ń yin ọta láìdáwọ́ dúró. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn. Èkíní, ẹgbẹ́ oníṣòwò ni ó ja ogun yìí, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ ní 1886. Èkejì, àwọn òyìnbó inú wọn kò tó nǹkan. Ọmọ Áfíríkà, Hausa àti Yorùbá, ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó gbé ìbọn. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn dá jọ, ìwé ìṣirò, ẹ̀rọ àti ìgbọ́ràn sí àṣẹ ni ó ṣẹ́gun wa. Ẹni tí kò bá kọ́ ìtàn yóò rò pé awọ funfun ni.

Kì í sì í ṣe inú ara wọn nìkan ni wọ́n ti rí ọgbọ́n wọ̀nyí. India ni òǹkà tí wọ́n ń lò ti ṣẹ̀ wá. Ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn wà lára ohun tí ó mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. China ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe pépà. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó gbà dé Spain. Ìwé ìṣègùn Ibn Sina ni wọ́n fi kọ́ àwọn dókítà wọn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nígbà tí Gutenberg bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀wé ní Mainz ní nǹkan bí ọdún 1450, orí pépà yìí ni ó tẹ púpọ̀ nínú wọn sí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Wọ́n yá ọgbọ́n, wọn kò sì torí rẹ̀ di Lárúbáwá.

Èmi kò wí pé ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ òkun Liverpool kó ẹrú. Òwú tí ẹrú gbìn ní Amẹ́ríkà ni Manchester fi hun aṣọ. Ọdún 1807 ni wọ́n tó fi òfin de òwò náà. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́: ọjà ẹrú wà ní Ìlọrin náà, àwọn bàbá wa sì jèrè níbẹ̀. Ìtàn tí a kọ́ dáadáa kò ní fi tiwọn pamọ́, kò sì ní fi tiwa pamọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára nìyí. Ní nǹkan bí ọdún 2009, wọ́n yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ní orílẹ̀-èdè wa. Ọdún 2018 ni ìjọba pàṣẹ pé kí ó padà. Àwọn ọmọ tí ó la àárín ìgbà náà kọjá ti di géńdé. Wọ́n rí ohun ìyanu tí òyìnbó ṣe, wọn kò mọ bí ó ṣe ṣe é. Nítorí náà àwọn kan ń bọ ọ́ bí òrìṣà, àwọn mìíràn ń gbé e ṣépè. Ìkankan nínú méjèèjì kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ yìí yóò gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó rántí Sheikh Kamaldeen al-Adabi ti ìlú wa yìí, tí ó dá Ansarul Islam sílẹ̀ ní 1942, tí ó sì fi hàn pé kéú àti ìwé òyìnbó lè gbé inú orí kan náà.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ wa ra ìwé ìtàn, tiwa àti ti òyìnbó, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Manchester, Liverpool tàbí ibikíbi lókè òkun lọ wo ibi tí nǹkan wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ọdọọdún yìí. Kí a sì kọ ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa Gàmbàrí sílẹ̀, bí Ahmad ọmọ Abi Bakr ti kọ ìtàn àwọn ọba Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá ní 1912.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí 1897 gbà lọ́wọ́ wa ti lọ. Ohun tí ó lè kọ́ wa ṣì wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn ọmọ wa ní ojú inú, kí Ó sì gbé Gàmbàrí ga. Àmín.