Ìbọn Alágbára Tó Ń Já Olówó Ẹ̀ Kulẹ̀

Tí fóònù tuntun bá jáde, àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró de èkejì." Ẹ gbọ́ ìtàn ìbọn pélébé yìí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn lọ́gbọ́n nínú.

Lọ́dún 1836, Samuel Colt ará Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn tó lè yin ọta léraléra kí wọ́n tó tún un kì. Ṣùgbọ́n àwọn Paterson tó kọ́kọ́ ṣe, àfi kí wọ́n tú u kí wọ́n tó lè kì í. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn wà lórí ẹṣin, ọ̀tá ń bọ̀!

Ní 1847, ọ̀gágun Samuel Walker bá a ṣe òmíràn, oníhò mẹ́fà, tó wúwo tó kílò 2. Agbára ẹ̀ ò kéré, àmọ́ agbára yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀tù inú ẹ̀ ju ohun tí irin ìgbà yẹn lè gbà lọ. Àwọn kan bú gbàmù lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín. Tí ìbọn bá sì dún, ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ọta á já wálẹ̀, ibi tó yẹ kó máa yí á há. Àwọn kan fi okùn awọ so ó.

Ní 1848, Dragoon dé: ẹ̀tù dín kù, ọ̀pá yẹn sì ní ohun tó dì í mú.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ má bèèrè agbára nìkan. Ẹ bèèrè pé: ṣé á dá mi lóhùn lọ́jọ́ ìṣòro?