Ìjókòó Kejì

Ọmọ kan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, ọmọ tí ó jókòó fún ìdánwò WAEC, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, tí físíìsì rẹ̀ kò sì burú, ṣùgbọ́n tí ìṣirò fún un ní D7, nígbà tí ó jẹ́ pé C6 ni yunifásítì ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ọmọ mi, mo mọ bí ó ti rí lára rẹ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ di ẹrù lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wo ẹ̀yìn bí àgbà. Ṣé àádọ́ta ìbéèrè ìwé kìíní, tí a fi wákàtí kan àtààbọ̀ dáhùn, ni ó gbé ọ ṣubú ni, àbí ìwé kejì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ láìfi ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ hàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà náà gan-an ní máàkì tirẹ̀?

Lẹ́yìn náà, tún jókòó fún ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ni ó ń gba èsì ìjókòó méjì pọ̀, nítorí náà àwọn kírẹ́díìtì tí o ti ní kò ṣègbé.

Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe háyà ẹni tí yóò bá ọmọ yín kọ ìdánwò náà. Ẹ bá a wá iná tí yóò fi kàwé lálẹ́ òní, kí ẹ sì jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá a fọ abọ́.