Kí A Tó San Owó Ètò Kọ̀ǹpútà



Télọ̀ tó mọṣẹ́ ní Tejúoṣó kò ní fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ yín láìwọ̀n yín. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ètò kọ̀ǹpútà fún owó oṣooṣù, a ó kàn ní, “Ẹ ṣá bá wa ṣe é.” Akápò ń retí rísíìtì, akọ̀wé ń retí orúkọ àwọn onígbèsè, àwọn ti òkè òkun fẹ́ máa sanwó láti ọ̀hún. Ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ìgbà tí owó bá ti tán nìjà ń bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ wà fún un. DOORS, tó bọ́ sọ́wọ́ IBM ní 2008, ń fún ohun kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá fẹ́ ní nọ́ńbà, ó ń tọ́jú ẹni tó yí i padà àtọjọ́ tó yí i, ó sì ń so ó mọ́ ìdánwò rẹ̀. Jira, tó jáde ní Ọsirélíà ní 2002, àṣìṣe inú ètò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tọpa. Òun lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Yábàá, níbi tí CcHUB ti ṣílẹ̀kùn ní 2011.

Ní tiwa, Excel tó, jàre! Òpó mẹ́rin péré: nọ́ńbà, ohun tí a fẹ́, ẹni tó fẹ́ ẹ, bí a ó ṣe mọ̀ pó ṣiṣẹ́. Ìkẹrin yẹn ló le jù. “Kó yá” kì í ṣọ̀rọ̀. “Kí rísíìtì jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé,” èyí ṣeé dán wò.

Ẹ̀rọ ò ní bá wa bi akápò léèrè ṣá o. Kí akọ̀wé lọ bá a, kó mú ìwé náà wá sípàdé tó ń bọ̀, ká fọwọ́ sí i ká tó yọ kọ́bọ̀.