Ilé Tí Ayálégbé Kó Jáde Nínú Rẹ̀ Ní Ìgbà Ọ̀gìnnìtìn

Kò ṣe àjèjì mọ́ láàrin wa pé kí ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ra ilé síbẹ̀, kí ó sì fi í háyà. Owó ilé bẹ́ẹ̀ ni a fi ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá kó jáde ní oṣù Kejìlá, tí onílé sì wá bá wa ṣe ọdún, ìgbà náà gan-an ni ewu dé.

Àwa tí ó jẹ́ ọyẹ́ nìkan ni a mọ̀ lè wí pé ta ni òtútù yóò pa nínú ilé òfìfo? Omi inú ọ̀pá ni. Ọ̀pọ̀ ohun ni í súnkì bí ó bá tutù, ṣùgbọ́n omi tí ó dì a máa wú: ìwọ̀n 100 a di nǹkan bí 109. Omi dídì yìí a wá ti èyí tí ó kù sí ẹnu ẹ̀rọ tí a ti pa; nígbà tí kò rí ọ̀nà lọ, ọ̀pá a bẹ́. Èyí tí ó burú jù ni pé a kì í mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí ó bá yọ́ ni omi yóò máa ya, àní fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí àjà yóò fi wó.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, iná mànàmáná kú ní ilé tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ ní Texas. Ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná dákẹ́, ọ̀pá omi sì bẹ́ káàkiri.

Nítorí náà, a kò gbà pé kí á gbẹ́kẹ̀ lé iná nìkan. Ẹ jẹ́ kí á ti omi pa níbi tí ó gbà wọ ilé, kí á sì ṣí gbogbo ẹ̀rọ kí èyí tí ó kù lè ṣàn jáde. Síbẹ̀ kí á fi ẹ̀rọ amúlégbóná sílẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 ti Sẹ́ńtígíréèdì, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé Gẹ̀ẹ́sì, omi ń bẹ nínú irin rẹ̀ pẹ̀lú. Kí á tún ka ìwé adójútòfò wa: ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó omi tí ó ya bí ilé bá ti ṣófo ju ọjọ́ 30 tàbí 60 lọ.

Ní ti ìbátan tí a fi kọ́kọ́rọ́ sí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí á máa sanwó fún un. Ẹni tí a kò fún ní nǹkan, ojú a máa tì wá láti bi í bóyá ó lọ. Bí ó bá sì di dandan pé kí omi wà ní ṣíṣí, kí ó máa ka mítà rẹ̀ fún wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá yí nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, kí ó ti omi pa lójú ẹsẹ̀, kí ó tó ké sí wa.